Egbò Tó Gba Ẹnu Ọ̀nà Wọlé

Ní ilé ìwòsàn aládàáni tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìsọlọ̀, egbò àdùbúlẹ̀ kì í hù. Ṣe ló máa ń wọlé. Ó máa ń bá aláìsàn gba ẹnu ọ̀nà wọlé bí àlejò, a ó gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀, a ó sì tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé aláìsàn kan dùbúlẹ̀ sójú kan lórí bẹ́ẹ̀dì wa títí ìdí rẹ̀ fi jẹrà, irọ́ ló pa. Ẹ bi mí, torí èmi ni mò ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ rékọ́ọ̀dù ni mò ń ṣe. Yàrá mi wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, mo sì mọ bàtà gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ nípa bó ṣe ń dún lórí mi. Àwọn èèyàn rò pé fáìlì la kàn ń tọ́jú, pé bó bá sọnù, àwa la jẹ ẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ńkọ́, nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè mí, wọ́n á máa gbé ẹsẹ̀ wíwú wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Wọn ò mọ̀ pé gbogbo àìsàn tó wà láyé ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ibà ní tirẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà ní tirẹ̀, kódà bí màlúù bá kan èèyàn, ó ní tirẹ̀. Kóòdù là ń pè é. Bí aláìsàn bá ń lọ sílé, fáìlì rẹ̀ á sọ̀kalẹ̀ wá bá mi, màá ka ohun tí dókítà àti nọ́ọ̀sì kọ láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn, màá wá fi kóòdù sí i. Dókítà á gbàgbé, nọ́ọ̀sì á gba fisà lọ sílùú òyìnbó, aláìsàn fúnra rẹ̀ á lọ sílé tàbí kó lọ sọ́run. Ohun tí mo bá kọ ló máa kù.

Egbò àdùbúlẹ̀ ní ìpele mẹ́rin. Ní ìpele kìíní, awọ ò tíì bó, ó kàn ń bínú ni: á gbóná, á le, á máa ro aláìsàn. Ní ìkejì, awọ ti bó. Ní ìkẹta, ihò ti wọ inú ẹran. Ìkẹrin, ẹ jẹ́ n má sọ ọ́ púpọ̀, ẹ lè máa jẹun lọ́wọ́. Egungun ni wọ́n ń rí níbẹ̀. Òfin tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ rékọ́ọ̀dù ò ṣòroó yé. Ẹ kọ ipò tí egbò wà nígbà tí aláìsàn dé. Bó bá burú sí i lọ́wọ́ yín, kóòdù méjì lẹ máa kọ: ọ̀kan fún bó ṣe dé, ọ̀kan fún ibi tó burú dé. Bó bá sì ń san, ẹ má fi bó ṣe dé pa mọ́, torí wíwẹ̀ tí ẹ wẹ ọmọ kò ní kó má ti ṣeré nínú ẹrẹ̀.

Kóòdù méjì yìí ni a kì í ná lọ́dọ̀ wa. Mátíròọ̀nù, ìyẹn olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ló fagi lé e. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, bàtà rẹ̀ nìkan ni mi ò kì í gbọ́ lórí àtẹ̀gùn. Ó ní kóòdù méjì á da ẹbí aláìsàn lọ́kàn rú. Ó ní egbò kan, kóòdù kan, ká mú èyí tó ga jù níbẹ̀, ká sì kọ ọ́ pé ó bá a wá láti ilé. Kí ọwọ́ má baà máa ro mí, ó lọ bá àwọn tó ń gé rọ́bà sítáǹbù lẹ́bàá ọ̀nà ní Bọ́ládé, ó ní kí wọ́n gé e: Ó BÁ A WÁ LÁTI ILÉ. Ó sọ fún mi pé wọ́n bẹ òun kí òun mú méjì, òun ní ọ̀kan ti tó, egbò tiwa ò pọ̀. Mo gba sítáǹbù náà, mo sì dúpẹ́. Ọmọ Oǹdó ni mí, wọ́n tọ́ mi kí n máa dúpẹ́ bí àgbà bá fún mi ní nǹkan.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Mátíròọ̀nù nìkan. Ẹni tó ni ilé ìwòsàn yìí fẹ́ràn kó máa ṣàbẹ̀wò sáwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Industrial Estate, torí àwọn òṣìṣẹ́ wọn là ń tọ́jú. Ibẹ̀ ló ti rí àtẹ tí wọ́n ń kọ iye ọjọ́ tí ẹ̀rọ ò tíì gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ sí. Ó wù ú. Ó ní kí káfíńtà ṣe tiwa sẹ́nu ọ̀nà: IYE ỌJỌ́ TÍ A TI LÒ LÁÌSÍ EGBÒ ÀDÙBÚLẸ̀. Láràárọ̀ ni ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ máa ń gbé nọ́ńbà rẹ̀ sókè kó tó fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Ààyè nọ́ńbà mẹ́ta péré ni káfíńtà ṣe síbẹ̀, kò mọ̀ pé a máa ṣe dáadáa tó báyẹn. Nígbà tí ọjọ́ wa kọjá ibẹ̀, wọ́n gé páálí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Páálí náà ti já bọ́ lẹ́ẹ̀mejì nígbà òjò.

Egbò yìí ò sì ní oògùn kan tó ju kí wọ́n máa yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì lọ. Ìwé rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan: aago mẹ́jọ, apá ọ̀tún, aago mẹ́wàá, apá òsì, aago méjìlá, ẹ̀yìn. Ní wọ́ọ̀dù wa, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni nọ́ọ̀sì ti máa ń kọ gbogbo rẹ̀ tán títí di ìrọ̀lẹ́. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú o. Àwọn méjì ló ń ṣiṣẹ́ tó yẹ kí mẹ́fà máa ṣe, àwọn yòókù ti bá fisà lọ. Bí wọn ò bá kọ ọ́ láàárọ̀, wọn ò ní ráyè kọ ọ́ mọ́. Mo ti ka ìwé ọkùnrin kan rí tó kú láago mẹ́wàá àárọ̀, tí wọ́n ṣì ń yí sọ́tùn-ún yí sósì títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bí a ṣe ń tọ́jú èèyàn tó nìyẹn.

Ibi tí nǹkan wà nìyẹn nígbà tí wọ́n gbé ìyá àgbà kan wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì ìyá yìí láti bí ọdún kan sẹ́yìn, òtútù àyà ló wá gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Ará Èkìtì ni wọ́n, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọbìnrin wọn, àbígbẹ̀yìn, ló ń tọ́jú wọn nílé wọn ní Ailegun. Tíṣà lòun náà, ṣùgbọ́n ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ torí ìyá rẹ̀. Èmi ni mo ṣí fáìlì fún wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi wà nítòsí nígbà tí ọmọ náà ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun wo ìdí màmá òun, nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò tẹ́ òun lọ́rùn.

Nọ́ọ̀sì wò ó. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n wò ó bóyá ibẹ̀ pọ́n, torí bí ìpele kìíní ṣe máa ń rí nìyẹn. Lára àwọn tó kọ ìwé náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyá yìí dúdú bí kóró iṣin. Kí ni yóò pọ́n níbẹ̀? Nọ́ọ̀sì wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí pupa kankan, ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé awọ dára. Kò fọwọ́ kàn án rárá.

Ọmọ náà wá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró ti ìyá òun kí òun lè máa yí wọn padà. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, a ní nọ́ọ̀sì níbí o. Visiting hour, four to six. Ẹ lọ sinmi jàre."

Bí wọ́n ṣe lé ẹnì kan ṣoṣo tó ń yí ìyá náà padà jáde nìyẹn, kí òfin má baà bàjẹ́. Mo wà níbẹ̀. Nọ́ńbà fáìlì ni mò ń kọ lọ́wọ́, mi ò dá sí i.

Ìyá náà lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Òtútù àyà lọ, egbò dé. Lọ́jọ́ Ìsinmi kẹta ni àkọ́bí wọn ọkùnrin wá kí wọn láti ṣọ́ọ̀ṣì. Òṣìṣẹ́ ìjọba àgbà ni ọkùnrin yìí ní Aláùsá, irú àwọn tó jẹ́ pé bí ẹ bá kí wọn pé ẹ káàárọ̀, wọ́n á fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀. Ó bá àwọn nọ́ọ̀sì níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ báńdéèjì, ó sì rí ihò tó wà nídìí ìyá rẹ̀. Igbe tó ké dé yàrá mi. Mátíròọ̀nù yára mú un wọ ọ́fíìsì, ó fún un ní omi tútù, ó sì fi ohùn rẹ̀ tó dà bíi ti ẹni tó ń gbàdúrà fọ́mọ sọ fún un pé ó bá wọn wá láti ilé ni.

Ibi tí ọkùnrin náà ti jáde, àbúrò rẹ̀ tó ń dúró de aago mẹ́rin ló dojú kọ ní kọ́rídọ̀.

"Ṣé o wá ń jẹ́ kí màmá wa máa jẹrà nílé ni? Gbogbo wa gbọ́kàn lé ẹ! Ẹni tó bí ẹ!"

Ọmọbìnrin náà ò tíì rí ihò yẹn rí, torí láago mẹ́rin sí mẹ́fà, wọ́n ti máa ń fi aṣọ bò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìpàdé ẹbí máa wà ní Ailegun lọ́jọ́ Sátidé. Òun máa mú ìyá lọ sọ́dọ̀ ara òun, òun máa gba ẹni tó ń tọ́jú arúgbó, àbúrò òun á sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé màmá wọn. Ó ní kí ilé ìwòsàn fún òun ní ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, tí òun máa kà sétí gbogbo ọmọ ìyá.

Ìwé náà lèmi máa kọ. Mátíròọ̀nù fọwọ́ ara rẹ̀ gbé fáìlì wá bá mi lọ́jọ́bọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa ṣe èyí kíákíá. Ẹ̀gbọ́n wọn ń bọ̀ lọ́la."

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ ibẹ̀. Mo ti tẹ sítáǹbù sí i kí n tó ṣí ojú ewé kan. Ó ti mọ́ mi lára. Ìpele kẹrin, ó bá a wá láti ilé, ó tán, ó kan fáìlì mìíràn. Mo ń fẹ́ yíǹkì náà kó gbẹ nígbà tí ẹnì kan kan fèrèsé mi. Ọmọbìnrin náà ni. Ó ti rù sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ ìwé tí wọ́n fẹ́ fún bọ̀dá mi?"

"Èmi ni. Kí ló dé?"

"Mi ò wá bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ yí nǹkan kan padà o, mà. Mo kàn fẹ́ mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀ ni. Láti Sunday ni mo ti ń rò ó. Every two hours ni mò ń yí wọn padà mà, news orí rédíò ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ news báyìí, mo ti dìde. Mi ò rántí ọjọ́ tí mo sùn lọ. Àbí mo sùn lọ, mi ò mọ̀ ni?"

Inú bí mi. Mi ò tíì mọ ẹni tí inú ń bí mi sí, ṣùgbọ́n ó bí mi gidi. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ bo ibi tí mo tẹ sítáǹbù sí.

"Nígbà tẹ́ ẹ gbé wọn dé, báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?"

"Kékeré ni mà, kò tó ìdérí ìgò mínírà. Kò bó. Ó kàn gbóná, ó wá le díẹ̀. Mo fi báírò yí i ká láàárọ̀ yẹn kí n lè mọ̀ bó bá ń tóbi. Mo fi han nọ́ọ̀sì, ó ní kò red, pé kò sí nǹkan níbẹ̀."

Mo ní kó máa lọ, kó padà wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó lọ tán, mo ka fáìlì yẹn láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn, bí mo ṣe máa ń sọ fáwọn èèyàn pé mò ń ṣe.

Mo rí ibi tí nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sí pé awọ dára. Mo rí ọ̀rọ̀ dókítà lọ́jọ́ kejì, ìkọ̀wé rẹ̀ rí wúruwùru bí ìtàkùn: egbò àdùbúlẹ̀, ìpele kìíní, ní ìdí, ẹbí ti fi báírò yí i ká. Ó ní kí wọ́n máa yí wọn padà. Lọ́sẹ̀ kejì, nọ́ọ̀sì kan kọ ọ́ pé awọ ti bó. Lẹ́yìn ìyẹn, òmíràn kọ ọ́ pé ó ń rùn. Mo wá ṣí ìwé ìyípadà. Ọ̀tún, òsì, ẹ̀yìn. Ọ̀tún, òsì, ẹ̀yìn. Báírò kan náà, ọwọ́ kan náà, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ọjọ́ tí wọ́n fi ìṣẹ́jú kan pẹ́. Nǹkan tí ọmọ yẹn ń fi oorun rẹ̀ ṣe nílé, àwa fi báírò ṣe é.

Ẹ̀mí èṣù kan wá bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, ṣebí nọ́ọ̀sì ti kọ ọ́ pé awọ dára? Mú ìyẹn. Kọ ọ́ pé kò sí nǹkan kan tó bá ìyá náà wá, pé ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, kí ọmọ náà bọ́ pátápátá. Ó wù mí. Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo ti fi ń purọ́ fún ilé ìwòsàn, kí ló dé tí mi ò lè purọ́ kan péré fún ọmọ ọlọ́mọ? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dókítà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ náà sì bá a mu. Kóòdù méjì ló wà nínú fáìlì yẹn. Mo gbé e, mo gun àtẹ̀gùn lọ bá Mátíròọ̀nù.

"Mà, egbò yìí yí padà lọ́wọ́ wa."

"Kò yí padà. Ó dàgbà ni."

"Níbo ló ti dàgbà, mà?"

"Ṣé tí ọmọ Èkìtì bá wá kàwé ní Èkó, ó ti di ọmọ Èkó nìyẹn? Ibi tí wọ́n ti bí i là ń bèèrè. Ilé ni wọ́n ti bí egbò yẹn."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní ìkíní ló wá, ìkẹrin ló ń lọ, pé méjèèjì ni mo máa kọ. Ó bi mí pé àtẹ ẹnu ọ̀nà wá ńkọ́. Ṣé kí ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ lọ dá nọ́ńbà padà sí òdo ni, lójú gbogbo ayé, lójú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kó òṣìṣẹ́ wọn wá? Mo ní òdo náà, nọ́ńbà ni, kò sì ní gba páálí. Kò bínú. Ó kàn yọ gíláàsì ojú rẹ̀, mo sì rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ.

"Nọ́ọ̀sì méjì," ló wí. "Bẹ́ẹ̀dì mọ́kàndínlógún. Mo ti kọ lẹ́tà títí, wọn ò gbà á. Ẹ̀yin náà ẹ gòkè wá bá wa yí wọn."

Mo sọ fún un pé òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ìyẹn náà kò sí nínú fáìlì, bí wọ́n bá sì ń fi egbò ránṣẹ́ sílé àwọn olókùnrùn lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láé pé nọ́ọ̀sì méjì ló wà. Ó gbé gíláàsì rẹ̀ padà sójú. Ó ní kí n ṣe bí mo bá ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n kí n má fi orúkọ òun sí i.

Ó ku kí dókítà fọwọ́ sí i. Èyí tó kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ kejì yẹn ni mo wá lọ. Fisà tirẹ̀ ti jáde, ọ̀sẹ̀ kan ló kù tó máa lò lọ́dọ̀ wa, ojú rẹ̀ ti ń dán bí ojú ẹni tí kò sí nílé.

"Ah, Mummy! Ṣé ibi tí mo ti máa sign nìyí? Abeg, bring am."

Kò tilẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò ó lọ́nà yàrá mi pé lórílẹ̀-èdè yìí, ó dà bíi pé ẹni tó bá ti fẹ́ fi í sílẹ̀ nìkan ló lè sọ òótọ́ fún un. Kí n tó gbé e lọ bá a, mo ti fi báírò pupa fa igi lórí sítáǹbù, mo ti fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì ti kọ kóòdù méjèèjì. Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ méjì kẹ́yìn, mo ní láti ṣí ìwé kóòdù kí n tó rí ìkíní.

Lọ́jọ́ Ẹtì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló wá. Ẹ̀gbọ́n dúró níwájú fèrèsé, àbúrò dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé tó pẹ́ dé. Ọkùnrin náà gba ìwé náà, ó wo ibi tí wọ́n fọwọ́ sí kó tó ka ohunkóhun, ó ní kí ni kóòdù méjì yìí túmọ̀ sí.

"Ìpele kìíní ni nígbà tí wọ́n gbé màmá dé, sà. Awọ wọn ò tíì bó rárá. Níbí ló ti di ìpele kẹrin."

"Níbí?"

"Níbí, sà. Lórí bẹ́ẹ̀dì wa."

Ó tún un kà. Mo ń retí kó yíjú sí àbúrò rẹ̀, kó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kódà kó fọwọ́ kàn án léjìká. Kò wo ibẹ̀. Ó fa fóònù yọ, ó pe àwọn àbúrò rẹ̀ yòókù níkọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá sí Ailegun lọ́jọ́ Sátidé mọ́, pé òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọwọ́ ilé ìwòsàn yìí ò mọ́, pé màmá máa padà sílé wọn lọ́dọ̀ ọmọ tó ń tọ́jú wọn. Lẹ́yìn náà ló gun àtẹ̀gùn lọ bá Mátíròọ̀nù. Mo gbọ́ gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí mi, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó dé òkè.

Ọmọbìnrin náà ò tẹ̀ lé e. Ó fọwọ́ di irin fèrèsé mi mú.

"Mà, ìkíní yẹn. Tèmi ni, àbí?"

Mo ní ìkíní ò tó nǹkan. Mo ní bí wọ́n bá ń yí màmá padà bó ṣe ń ṣe nílé, fúnra rẹ̀ ló máa lọ.

"Ṣùgbọ́n tèmi ni."

Mo wò ó. Mo rò ó pé kí n purọ́ fún un.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Ìkíní, ilé ló ti wá."

Ó mi orí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú náà ti rọ̀, ó ti ń mí dáadáa.

"Ẹ ṣé, mà. Ìyẹn ò pọ̀ jù. Mo lè gbé ìyẹn."

Ó gòkè lọ kó ẹrù ìyá rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mi ò lè ṣiṣẹ́. Mo rò pé inú mi máa dùn, ojú ló ń tì mí. Bí tirẹ̀ ò bá pọ̀ jù, mélòó tí kì í ṣe tiwọn ni mo ti gbé lé àwọn yòókù lórí?

Ọ̀kan wà tí mo rántí ojú rẹ̀. Ìyàwó ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ Estate ni, tí egungun ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ ṣẹ́, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ tọ́jú nílé kí wọ́n tó gbé e wá bá wa. Ó gba ìwé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi níbi fèrèsé yìí kan náà, ó ka ohun tí mo tẹ̀ sí i. Ó ní òun ò mọ̀ pé bí òun ṣe ń ṣe é nìyẹn nílé, pé òun rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ó wá kúnlẹ̀, ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbìyànjú láti gbà á lọ́wọ́ òun. Mo ní kó pẹ̀lẹ́. Wọ́n gbé ọkùnrin náà lọ sílé, mo gbọ́ pé kò pẹ́ tó fi kú.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, mo lọ yọ fáìlì rẹ̀. Dókítà tó gbà á wọlé ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ pé kò sí egbò kankan lára rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù ìyàwó rẹ̀ wà lábẹ́ ibẹ̀, ìkọ̀wé ọwọ́ mi ni. Ó ti pé oṣù márùn-ún báyìí tí fáìlì yẹn ti wà lórí tábìlì mi. Mi ò tíì pè é.